Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Ikùn Láptọ́ọ̀pù Mi, Tí Wọ́n Ní Ẹsẹ̀ Mi Ni

Ẹni tó bá ní òun ti rí òtútù rí, kó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ tèmi. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé Ìlú Ọba, mo ṣílẹ̀kùn, mo jáde, òjìji mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Èmi nìkan ni mo dá rìn dé ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ó ti gorí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ wò ó.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Ọmọ Ìgbẹ́mọ ni mí, ṣùgbọ́n Adó ni mo kọ́lé sí, lẹ́yìn Ọjà Ọba, níbi tí ìyàwó mi, Ìyá Dúpẹ́, wà títí di òní. Dúpẹ́ ọmọ wa ló ní kí n wá bá òun mójú tó àwọn ọmọ fún oṣù mẹ́fà péré. Dúpẹ́ ti kó lọ sí ìlú mìíràn, àwọn ọmọ náà ti ga jù mí lọ, èmi ṣì wà níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó gbàgbé ohun tí wọ́n rán an. Ìyá Dúpẹ́ wá wò mí lẹ́ẹ̀kan. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ní ìlú tí ènìyàn kò ti lè gbọ́ kí aládùúgbò máa bá ọmọ rẹ̀ jà, ìlú yẹn kì í ṣe ìlú. Ó padà sílé, èmi dúró.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni gbígbá ilé-ìwé. Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní Modern kejì, tí tíṣà wa ní ohun kan ṣoṣo tí orí mi gbà ni fìlà, èmi náà ni òyìnbó wá kó kọ́kọ́rọ́ odindi ilé-ìwé lé lọ́wọ́. Mo pe ilé lọ́jọ́ náà. Mo ní wọ́n ti fi mí ṣe ọ̀gá ilé-ìwé. Irọ́ kọ́ o. Ta ló ń ṣí i láàárọ̀? Èmi ni. Ta ló ń tì í? Èmi náà ni. Bí mi ò bá dé, ṣé ìwé fẹ́ kọ́ ara rẹ̀ ni?

Bí ọ̀rọ̀ mi ṣe máa ń rí lórí fóònù nìyẹn. Nígbà tí yìnyín kọ́kọ́ bọ́, mo sọ fún wọn pé mo bù ú sínú odó, mo gún un, ó di iyán, àwọn òyìnbó sì tò gbọọrọ mú àwo wá. Ìdajì ẹbí gbà á gbọ́. Lọ́dún kan, mo pe Fọlọ́runṣọ́, ọmọ àbúrò bàbá mi ọkùnrin, mo fi imú sọ̀rọ̀, mo ní ọ́fíìsì ìjọba ni mo ti ń pè, pé a ń bọ̀ wá wọn oko rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ó fi ń ro ààlà oko láì jẹun ọ̀sán. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ẹbí ti fẹnu kò pé àwọn kò ní gba ohùn mi gbọ́ mọ́. Ojú mi ni wọ́n fẹ́ máa rí.

Ẹ má rò pé ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀ ṣá. Ní ìlú náà, ẹnikẹ́ni kì í bi yín pé ọmọ ta ni yín. Bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ yín ni wọ́n ń béèrè. Lọ́jọ́ kan, mo wọ bọ́ọ̀sì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, mò ń retí kí ẹnì kan kí mi. Kò sẹ́ni tó kí mi. Mo bá kí ara mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o." Mo dáhùn, "Ẹ ṣé, ẹ kú ìrìn." Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rọra dìde, ó lọ jókòó síwájú. Kò sí ohun tó burú ńbẹ̀. Àyè gbà mí dáadáa lẹ́yìn ìyẹn.

Fóònù mi, onítọ́ọ̀ṣì ni. Àwọn onígíláàsì yẹn, mẹ́ta ni mo ti gbá mọ́ pàǹtí. Láptọ́ọ̀pù ni mo fi ń rí ojú ará ilé. Tíṣà kan níbi iṣẹ́ ló fún mi nígbà tí ó ra tuntun. Ó wúwo bí ọlọ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbà á, ó ń ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n arúgbó ń di arúgbó sí i. Bí mo bá tàn án, màá lọ wẹ̀, màá dín ẹyin, màá jẹ ẹ́ tán, màá fọ àwo, màá padà wá bá òbìrípo kékeré kan tó ń yí lójú rẹ̀ bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn. Ẹ ó máa gbọ́ kráà-kráà nínú ikùn rẹ̀, bí eku tó ń jẹ àgbàdo nínú àká. Ọjọ́ Ìsinmi kan, mo tàn án nígbà tí Ìyá Dúpẹ́ ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ó máa fi ṣí, wọ́n ti ṣe oore-ọ̀fẹ́, wọ́n ti tú ká, ó ti jẹun, ó ti ń sùn.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni Màmá Ìgbẹ́mọ pè mí. Òun ni àbúrò bàbá mi obìnrin, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, òun sì ni àgbà ẹbí wa.

Ó ní, "Uwọ, ṣé o wà láàyè?"

"Mo wà láàyè, Màmá."

"Gbogbo òkú tí kò tíì mọ̀ pé òun ti kú ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Gbọ́. Fọlọ́runṣọ́ ní yàrá rẹ ṣófo. Ìrẹsì ṣe dáadáa lọ́dún yìí, kò rí ibi kó o sí."

Yàrá tí ó ń sọ yìí, bàbá mi ló fún mi ní agboolé wa. Ibẹ̀ ni mo ti sùn títí mo fi gbé ìyàwó. Ilé mi ní Adó, mo lè tà á, mo lè yá ènìyàn gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní yàrá ní agboolé baba rẹ̀, àlejò ni nígbà tó bá dé, bí àlejò ni wọn yóò sì sin ín.

Mo ní, "Màmá, ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀."

"O ti ń bọ̀ láti ọdún mẹ́rìnlá. Sátidé, lọ́sàn-án, gbogbo ẹbí máa jókòó lé e lórí. Ẹni tó bá ní yàrá, kó fojú hàn nínú fóònù àwọn ọmọ. Kì í ṣe ohùn o! Ohùn rẹ, a mọ̀ ọ́n. Bí agogo méjì bá lù, tí a kò rí ọ, ìrẹsì wọlé."

Mo lè yá fóònù ẹlòmíràn lò, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n orí kunkun ni wọ́n fi ń mọ ọmọ Èkìtì. Èmi kì í fi ojú ẹlòmíràn wo ilé baba mi.

Ní ọjà ìlú wa níbẹ̀, obìnrin ọmọ Ìbàdàn kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Sìkírá ni orúkọ rẹ̀. Ní Tọ́sìdeè, mo gbé láptọ́ọ̀pù mi lé tábìlì rẹ̀.

"Bàbá, kí ló ń ṣe é?"

"Ó ń pẹ́ kó tó rántí nǹkan. Bá mi wò ó kíákíá kí n máa gbé e lọ ulé."

Ó gbójú sókè. "Ulé! Èkìtì lẹ̀yin yìí! Ẹ káàbọ̀ o. Ṣé ẹ mú usu dání?"

"Usu wà. Ọmọ Ìbàdàn ni kò sí nínú àwọn tó máa jẹ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá gbé etí lé láptọ́ọ̀pù bíi nọ́ọ̀sì. Ó ní háàdì dísíìkì rẹ̀ ló ti gbó. Ó ní abọ́ kan ń yí nínú rẹ̀, abẹ́rẹ́ kan sì ń sáré lórí abọ́ náà láti wá ohunkóhun tí mo bá béèrè, bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù lọ́jà tó ń yí gbogbo ìsọ̀ po. Ó ní kí n yọ ọ́ kúrò, kí n fi ẹ́ẹ̀sì-ẹ́ẹ̀sì-díì sí i.

"Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Sólíìdì sítéètì díráífù, Bàbá. Ìyẹn mọ ibi tí kálukú jókòó sí. Kò ní wá a kiri."

Sítéètì ni mo gbọ́. Mo ní, "Sítéètì tó le? Èkìtì nìyẹn."

"Kì í ṣe irú sítéètì yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí nǹkan tó ń yí nínú rẹ̀. Ẹ mì í, kò mì. Ẹ jù ú sílẹ̀, kò jọ ọ́ lójú."

"Mo ní Èkìtì ni, o ń jiyàn!"

Ó kó méjì sílẹ̀ fún mi láti yàn. Ọ̀kan fẹ̀ pẹlẹbẹ bí páálí ìṣáná ńlá tí ènìyàn jókòó lé. Èkejì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ṣingọ́ọ̀mù. Mo ti rí ẹ̀kẹta ní ìsọ̀ tó wà nítòsí: wọ́n kọ nọ́ńbà gíìgì, ìyẹn iye ẹrù tó lè gbà, gbàǹgbà gbàǹgbà sí i lára, kò sì wọ́n rárá. Sìkírá ní kí n má ṣe fọwọ́ kàn án, pé ẹni tó kọ nọ́ńbà náà nìkan ló mọ ibi tó ti kà á. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Mo mọ irọ́. Irọ́ tó tóbi tó yẹn kì í rọrùn láti pa, iṣẹ́ ńlá ni.

Mo ní, "Èwo ló yára jù?"

"Ṣingọ́ọ̀mù yìí ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tú ikùn rẹ̀ wò kí ẹ tó yàn."

"Ṣingọ́ọ̀mù ni mo yàn. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gba yàrá rẹ̀ kì í yan èyí tó ń fà."

"Bàbá, kì í ṣe eré sísá nìkan, ó ní láti wọlé."

"Á wọlé."

Ó mú sukudíráfà, ó tú ìdí láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà ni ó yí i sí mi. Ó ní, "Ẹ bá mi wá ihò ṣingọ́ọ̀mù níbí." Èmi náà wò ó. Kò sí. Ó ní nígbà tí wọ́n ṣe láptọ́ọ̀pù yìí, ẹnikẹ́ni kò tíì ronú kan ṣingọ́ọ̀mù. Àyè onígun mẹ́rin kan ṣoṣo ló wà, ibi tí háàdì dísíìkì wà, pẹlẹbẹ yẹn sì bá a mu rẹ́gí.

Mo ní, "Lu ihò kan fún un."

"Bàbá!"

Bí a ṣe yan pẹlẹbẹ nìyẹn. Ó bi mí pé gíìgì mélòó, mo ní kó fún mi ní èyí tó tóbi jù. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kó sínú rẹ̀. Mo ronú. Mo ní, "Ojú àwọn ènìyàn mi, àti orin ìjọ díẹ̀." Ó ní ojú kì í gba àyè púpọ̀, agbede méjì á tó mi, kí n fi í sílẹ̀ di ọ̀la kí òun lè da gbogbo ohun tó wà nínú ti àtijọ́ sínú tuntun.

Mo dé ilé, mo pe Ìyá Dúpẹ́. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹnu Èkìtì mi kò mọ ẹ́ẹ̀sì-ẹ́ẹ̀sì í pè. Ẹsẹ̀-ẹsẹ̀ ló ń bá mi pè.

Mo ní, "Ìyá Dúpẹ́, ìṣòro ti tán. Ẹsẹ̀-ẹsẹ̀-dí ni mo máa pààrọ̀."

"Ẹsẹ̀? Ẹ fẹ́ pààrọ̀ kí ni?"

"Èyí tó wà níbẹ̀ ti gbó. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ pé kò lè yára mọ́, ó sì ń dún kráà-kráà. Ọ̀la ni wọ́n máa yọ ọ́."

"Jésù! Bàbá Dúpẹ́! Kí ni wọ́n máa fi sí i?"

"Tuntun ni. Pẹlẹbẹ ni, irin ni ara rẹ̀. Ohunkóhun kò ní máa yí nínú rẹ̀."

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì wo? Ẹyọ kan péré ló ní."

Ó tún pe Jésù. Mo rò pé ó ń bá mi yọ̀ ni. Ó wá rọra ní, "Dókítà wo ló máa ṣe é?"

"Dókítà kẹ̀? Obìnrin Ìbàdàn kan ni lọ́jà. Sukudíráfà ló fi ń tú u. Ó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an, ó ti tú u wò lójú mi lónìí, òun ló ní kó di ọ̀la."

Mo gbọ́ igbe kan, káàdì fóònù mi sì tán. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Èmi ò mọ̀ pé Ìyá Dúpẹ́ ti mú gèlè, ó ti lọ bá ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Ìgbẹ́mọ. Bó ṣe délẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti di méjì.

Ní Fúráìdè, Sìkírá gbé láptọ́ọ̀pù síwájú mi, ó ní kí n tàn án. Mo tàn án, mo bẹ̀rẹ̀ Àdúrà Olúwa kí àkókò lè lọ. Mi ò tíì dé orí oúnjẹ òòjọ́ tó ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo pa á, mo tún un tàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn tó ń rajà yí ojú wò mí, nítorí mo ti ń jó.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé e délé, ilé dákẹ́. Eku inú rẹ̀ ti lọ. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀rọ̀ òjìji gbọ́, ṣùgbọ́n àárò ariwo yẹn sọ mí. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí òun nìkan ń dá mi lóhùn nínú yàrá yẹn. Mo jókòó, mo ń wò ó bó ṣe ń yára láì sọ̀rọ̀, bí àwọn ará ìlú náà gan-an.

Sátidé dé. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò, mo dé fìlà, mo sì tàn án nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì péré, kí n lè fi ìgbéraga dé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo ẹbí yọ sí mi: Màmá Ìgbẹ́mọ láàárín, Fọlọ́runṣọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, Ìyá Dúpẹ́ tó ti wọkọ̀ láti Adó wá, ojú rẹ̀ ti wú. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n bú sẹ́kún.

Mo ní, "Kí ló dé? Ta ló kú?"

Fọlọ́runṣọ́ dìde. Ó fi ọwọ́ sí àyà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. A ti gbọ́. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yàrá yìí ti yanjú ara rẹ̀? Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ gùn ún?"

"Ẹsẹ̀ mi ni màá fi gùn ún!"

Ẹkún tún sọ. Ìyá Dúpẹ́ ní, "Ẹ má bá ara yín jà, Bàbá Dúpẹ́. Ẹ gba kádàrá."

Mo ní ẹsẹ̀ mi wà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi nìyẹn, èmi tí mo gún yìnyín. Mo ní láptọ́ọ̀pù ni wọ́n tú. Fọlọ́runṣọ́ ní láptọ́ọ̀pù wo ló ní ẹsẹ̀? Màmá Ìgbẹ́mọ wá na ọ̀pá rẹ̀ sókè.

Ó ní, "Ojú yìí, ó jọ ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sanra jù. Ohùn yẹn kò wúlò. Gbé ẹsẹ̀ sókè."

"Màmá, ọmọ àádọ́rin ọdún ni mí."

"Mo ní gbé e sókè!"

Mo di àga mú, mo ká ṣòkòtò, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé tábìlì. Ó ní ti òsì. Mo gbé ti òsì. Egungun ìdí mi dún kráà. Màmá ní kí wọ́n gbé fóònù súnmọ́ òun. Ó wò ó, ó tún wò ó.

Ó ní, "Fọlọ́runṣọ́, wá wo àpá yìí."

Fọlọ́runṣọ́ kò fẹ́ wá.

"Mo ní wá wò ó. Ta ló fi ọkọ́ ṣá a lójúgun lọ́jọ́ tí ẹ̀ ń kọ ebè, nítorí ó ní ebè tìrẹ dà bí orí ìyá rẹ?"

Fọlọ́runṣọ́ tẹjú mọ́ àpá náà. Ó ní, "Èmi ni, Màmá." Ó wá bojú wò mí, kì í ṣe bí ẹni tó ń du yàrá mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bẹ̀ yín nígbà yẹn."

Mo ní, "O ò bẹ̀ mí. Sísá lo sá."

"Ó dáa, mo bẹ̀ yín báyìí."

Màmá ní, "Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni. Yàrá rẹ̀ ni. Fọlọ́runṣọ́, gbé e wọlé."

Ó gbé mi wọlé lóòótọ́. Ó gbé fóònù lọ́wọ́ méjèèjì bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ṣílẹ̀kùn. Àpò ìrẹsì mẹ́fà ti wà nínú yàrá.

Mo ní, "Fọlọ́runṣọ́!"

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn wọ̀nyí, wọ́n kàn wá bá yín ṣọ́ yàrá ni."

Mo ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ lọ, ṣùgbọ́n kó kó wọn sí igun kan, kó fi ojú bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ó kó wọn. Ó ń mí gúlegúle. Ó gbé fóònù lé orí bẹ́ẹ̀dì, ó ní òun ń bọ̀, ó sì lọ síta lọ jẹun pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n gbàgbé mi síbẹ̀. Gbogbo ohun tí mò ń rí ni àjà yàrá, àti ibi tí òjò ti ń jò kí n tó lọ, tó ti fẹ̀ sí i. Mò ń gbọ́ ìró ṣíbí lára àwo, mo gbọ́ Ìyá Dúpẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín.

Ẹnì kan béèrè pé ẹran ta ni ó ṣẹ́kù yìí.

Màmá Ìgbẹ́mọ ní, "Má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ni ín wà nínú ulé."

Mi ò pa láptọ́ọ̀pù náà. Mo bọ́ fìlà mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì ń wo àjà.